Orí Kẹta: Eré Akọni Lórí WhatsApp, Fún Àwọn Tó Fẹ́ Rẹ́rìn-ín

Ènìyàn mẹ́rin ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Mẹ́fà ló dùn jù. Bí ẹ bá ti lé ní mẹ́jọ, ẹni tó ń tajà ní Tẹ́júoṣó láti àárọ̀ yóò ṣí fóònù rẹ̀ lálẹ́, yóò bá igba ọ̀rọ̀ tí kò tíì kà, yóò sì pa á dé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kò ní gbúròó rẹ̀ mọ́. WhatsApp gbà kí ènìyàn 1,024 wà nínú ẹgbẹ́ kan, ṣùgbọ́n ti ìpàdé ọmọ ìlú àti ti ẹgbẹ́ olùjọ́sìn nìyẹn. Eré tí orí yìí dá lé, àjọsọ ni. Ẹnì kan á kọ ohun tí akọni rẹ̀ ṣe, ẹnì kejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀, ẹnì kẹta á dà á rú, ìtàn á sì máa lọ. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí yóò já sí, kò sì sí ẹni tí yóò gba ife ẹ̀yẹ. Ẹ̀rín ni èrè rẹ̀.

Àwọn kan gbà pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni irú eré yìí ti wá. Lóòótọ́, 1974 ni Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ènìyàn ń jókòó yí tábìlì ká tí wọ́n ń fẹnu hun ìtàn. Ní 1978, ní Yunifásítì Essex ní Ìlú Ọba, wọ́n ti gbé irú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, nígbà tó sì di 1981, eré orí tábìlì kan tó ń jẹ́ Champions ti sọ ọ́ di ti àwọn akọni alágbára. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn òṣèré alárìnjò tiwa. Ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí àti ti Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, kì í há ọ̀rọ̀ sórí láti inú ìwé. Wọ́n á fẹnu kò lórí ìtàn, olúkúlùkù á mọ ibi tí òun ti ń wọlé àti ibi tí òun ti ń jáde, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ di ojú ìtàgé. Ibi tí èrò bá ti rẹ́rìn-ín, wọ́n á fà á gùn. Ibi tí èrò bá ti dákẹ́, wọ́n á tètè kúrò níbẹ̀. Karin Barber, tó bá ẹgbẹ́ Adéjọbí ní Òṣogbo ṣeré fúnra rẹ̀, kọ odindi ìwé lórí iṣẹ́ wọn, tó jáde ní 2000. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé eré yìí kì í ṣe ti àwa, ẹ rán an lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ palẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ méjì ni kí ẹ ṣí, kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀kan fún eré nìkan. Èkejì fún ọ̀rọ̀ lásán: “ta ló kàn?”, “mo wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ dúró dè mí”, “ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ ìyá tó ń ta ẹ̀wà lánàá?” Ìgbà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá wà pa pọ̀ ni ìtàn máa ń sọnù. Láti 2022 ni WhatsApp ti ní Community, tí ẹ lè fi kó ẹgbẹ́ méjèèjì sábẹ́ òrùlé kan. Nínú ẹgbẹ́ eré, ohun tí akọni yín bá ṣe, ẹ fi ìlà ìsàlẹ̀ (_) sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́tà á sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó bá fẹnu sọ, ẹ fi àmì àyọlò sí i. Ẹ kọ ọ́ lọ́rọ̀, ẹ má ká ohùn sílẹ̀. Ohùn lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró ní ìdí ọkọ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà kò lè gbọ́ ọ láàárín ariwo, ohùn kò sì ṣeé wá bí ọ̀rọ̀ tí a kọ. Owó dátà náà wà ńbẹ̀: ní oṣù kìíní 2025 ni àjọ NCC fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù láyè láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Ọ̀rọ̀ kíkọ kì í jẹ dátà púpọ̀. Èdè tí ẹ ń sọ nílé ni kí ẹ fi kọ ọ́, Yorùbá Èkó pẹ̀lú gbogbo àdàlù rẹ̀, ẹ má sì dá ẹnikẹ́ni dúró nítorí àmì ohùn.

Ó kan kí ẹ yan atọ́kùn. Òun ni yóò máa ṣe ọ̀tá, ìyá ẹlẹ́wà, ọlọ́pàá, ajá, àti gbogbo ẹni inú ìtàn tí kò ní ẹni tó ń ṣe é. Ẹ má yan ẹni tó mọ ìtàn jù. Ẹni tó máa ń tètè rẹ́rìn-ín sí àwàdà ẹlòmíràn ni kí ẹ yàn.

Ọ̀rọ̀ akọni gan-an ló kù, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ ká jókòó sí. Ẹ tún ìwé D. O. Fágúnwà tó jáde ní 1938 kà, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, kí ẹ sì wo àwọn tó bá Àkàrà-Ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkó ní kùmọ̀. Ìmọ̀dóye ní ọgbọ́n. Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn orin. Ẹfọ̀ìyẹ̀ ní ọfà. Elégbèdè-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Àràmàǹdà-òkùnrin, bí oòrùn bá mú, òtútù ló ń mú un. Ohun kan fún ẹnì kan. Nítorí pé ohun kan ṣoṣo ni olúkúlùkù ní, kò sí èyí tó lè dá ìrìn àjò náà rìn, gbogbo wọn ló sì ń ríṣẹ́ ṣe. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni kí akọni wọn máa fò, kó máa pòórá, kó máa ka ọkàn ènìyàn, kí ọta má sì ràn án. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò yín. Kí lẹ fẹ́ bá a ṣe?

Ní 1975, àwọn kan ní Ìlú Ọba ṣe ìwé àwòrán akọni kan tó ń jẹ́ Powerman, tí wọ́n dìídì ṣe fún ọjà Nàìjíríà. Dave Gibbons àti Brian Bolland, tí wọ́n padà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, wà lára àwọn tó yà á. Powerman lágbára, ó ń fò, ohun kan ṣoṣo tó lè ṣẹ́gun rẹ̀ sì ni kí ejò bù ú jẹ. Ejò mélòó ló wà ní òpópónà Adéníran Ògúnsànyà? Ẹni tó ń gbé Sùúrùlérè lè lo ogún ọdún kó má rí ejò, àyàfi lórí tẹlifíṣọ̀n. Àléébù akọni yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó lè bá a pàdé kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Níbẹ̀ ni gbogbo ẹ̀rín eré yìí wà, kì í ṣe nínú agbára.

Àwọn tó ń ya akọni nílùú yìí lóde òní mọ̀ pé iṣẹ́ ni ènìyàn fi ń jẹ́ ọmọ Èkó. Ní Comic Republic, tí Jídé Martin dá sílẹ̀ ní 2013, aránṣọ ìgbàlódé ni Guardian Prime kó tó bọ́ sí aṣọ ìjà, olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó ní Akọka sì ni Ẹ̀rù. Kí wọ́n tó dé, láti 1976, Wálé Adénúgà ti fi Ìkébè Super kọ́ wa pé ìwà kan ṣoṣo tí a tẹnu mọ́ dáadáa lè gbé ènìyàn inú ìtàn fún ogójì ọdún: ẹ kàn dárúkọ Boy Àlínkò, ẹni tó ń gbọ́ ti mọ ohun tó máa ṣe. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, agbára kan. Lẹ́yìn náà, àléébù kan tó ti inú iṣẹ́ tàbí àdúgbò jáde. Àpẹẹrẹ mẹ́ta nìyí, mo ṣe wọ́n fún yín, ẹ lè mú wọn lò bó bá wù yín.

Àdán Akọka jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní UNILAG. Ó lè fò, ṣùgbọ́n àfi bí NEPA bá ti mú iná lọ ní àdúgbò tó wà. Bí àwọn ọmọdé bá ti pariwo “Up NEPA!”, ilẹ̀ ló ń bọ̀.

Ṣéńjì jẹ́ kọ̀ńdọ́ dáńfó láti Ojúẹlẹ́gbà sí Mùṣín. Ohùn rẹ̀ lè ti bọ́ọ̀sì kúrò lójú títì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ ẹnikẹ́ni ní ṣéńjì, ohùn náà á há títí yóò fi san án.

Etí Irin ń ta pátì ọkọ̀ ní Ládìpọ̀. Irin máa ń bá a sọ̀rọ̀: bí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n jí wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà á dárúkọ ẹni tó ni ín. Wàhálà rẹ̀ ni pé gbogbo irin ọjà náà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ló sì ní ẹjọ́ tí wọ́n fẹ́ rò.

Ọ̀tá wọn ni Èjẹ́ǹtì. Ilẹ̀kùn tó bá ti fọwọ́ kàn di tirẹ̀ láti fi háyà. Yàrá kan ṣoṣo ní Láwánsọ̀n, ó ti gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn mọ́kànlá, olúkúlùkù sì ti san àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń pàdé. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe á kọ báyìí: “Àdán fò wálẹ̀, ó gbá Èjẹ́ǹtì lẹ́ṣẹ̀ẹ́, Èjẹ́ǹtì ṣubú, ọlọ́pàá mú un lọ, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́.” Ó ti tán. Ó ti lu ènìyàn, ó ti dájọ́, ó ti pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀, àwọn yòókù sì jókòó lásán. Ẹ fi wé èyí:

Àdán: _Mo já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gbà. Gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn. Mo na ọwọ́ sí kọ́là Èjẹ́ǹtì._ “Kọ́kọ́rọ́ dà?”

Atọ́kùn: _Èjẹ́ǹtì kò sá. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀._ “Ó ku ìṣẹ́jú kan kí aago méje lù. Band A ni àdúgbò yìí, ọ̀gá mi.”

Ṣéńjì: _Mo ti rí ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Mo lanu láti fi ohùn gbé Àdán dúró lófuurufú. Ohùn kò jáde. Mo bojú wẹ̀yìn._

Atọ́kùn: _Ìyá kan ló di apá Ṣéńjì mú, ó gbé ike tòmátò lórí._ “Láti Ìdí-Orò ni mo ti ń tẹ̀lé ẹ. Igba náírà mi ńkọ́?”

Etí Irin: _Irinwó náírà ló wà lọ́wọ́ mi, ẹyọ kan ni gbogbo rẹ̀._ “Mà á san án fún un, ìyá. Ẹ ní ṣéńjì?”

Mo fẹ́ kí ẹ wo ohun tí olúkúlùkù ṣe. Àdán na ọwọ́, kò sọ pé ọwọ́ òun bà á. Atọ́kùn kò gbèjà Èjẹ́ǹtì pẹ̀lú agbára tuntun kankan. Àléébù Àdán tí gbogbo wọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló mú lò, ó sì fi ohun tó wà nílùú kín in lẹ́yìn, nítorí wọ́n ti ṣèlérí iná ogún wákàtí lóòjọ́ fún àwọn tó wà ní Band A. Ṣéńjì ló wá dùn mọ́ mi jù. Òun fúnra rẹ̀ ló pa ohùn ara rẹ̀, kò dúró kí ẹlòmíràn ṣe é fún òun, ó sì bojú wẹ̀yìn láìsọ ohun tó rí, kí atọ́kùn lè fi ẹni tó wù ú síbẹ̀. Etí Irin, tó wá ṣèrànwọ́, tún gbé ìṣòro náà padà sí ojú kan náà. (Owó ẹyọ irinwó kò sí, gbogbo wọn ló mọ̀, wọ́n gbà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì ń lọ.) Ìlànà tó wà nídìí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ bẹ̀rẹ̀ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn parí rẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta tó. Bí ó bá ti di márùn-ún, ẹ ti ń jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń tú ẹgbẹ́ ká láàárín wa ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lè máa ṣe lándílọ́ọ̀dù, kí ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta máa ṣe ayálégbé. Nínú ẹgbẹ́ eré, ọjọ́ orí ẹni inú ìtàn ni kí ẹ máa wò: lándílọ́ọ̀dù á sọ pé “ìwọ, owó ilé mi dà?”, ayálégbé á dọ̀bálẹ̀, á ní “ẹ jọ̀ọ́, sà.” Nínú ẹgbẹ́ kejì, gbogbo nǹkan á padà sí ipò rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, lándílọ́ọ̀dù ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.” Ẹ sọ òfin yìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí àgbà tó wà láàárín yín fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà. Mo gbàgbọ́ pé ibẹ̀ ni ìgbádùn eré yìí ti pọ̀ jù fún àwa Yorùbá. Àgbàlagbà tó ti lo ọjọ́ rẹ̀ ní “ẹ káàárọ̀ sà” á rí ibi tí wọ́n ti lè bá a wí, ọmọdé á rí ibi tó ti lè pàṣẹ, àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín sí i láìsí àbùkù fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ má fi ẹni tó wà láyé ṣe ọ̀tá. Aládùúgbò, pásítọ̀, káńsílọ̀, ọ̀gá ibi iṣẹ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n á ya ojú ewé náà, wọ́n á fi ránṣẹ́, òfin ọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 tí wọ́n tún ṣe ní 2024 sì wà níbẹ̀. Ẹ má fi akólòlò, arọ, tàbí bí ẹ̀yà kan ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe àwàdà. Ìlú ni kí ẹ fi rẹ́rìn-ín: kòtò, gọ́tà, jẹnẹrétọ̀, ìlà ní báǹkì. Ní ti òrìṣà, nínú ẹgbẹ́ tí Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe bá wà pa pọ̀, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ara yín kí ẹ tó mú Ṣàngó wọlé. Nosa Igbinedion fi Ọya ṣe akọni nínú fíìmù rẹ̀ ní 2014 láìfi í ṣẹ̀sín, nítorí náà ó ṣeé ṣe. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún bá wà láàárín yín, kí òbí rẹ̀ mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ àdírẹ́sì ilé tàbí orúkọ ilé ìwé síbẹ̀.

Iṣẹ́ atọ́kùn tó kù ni kó jẹ́ kí àdúgbò jẹ́ òótọ́. Bí àdúgbò bá ṣe péye tó ni agbára akọni á ṣe pani lẹ́rìn-ín tó. Akọni tó ń lépa olè lórí ọ̀kadà ní Sùúrùlérè ti di arúfin fúnra rẹ̀, nítorí láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022 ni wọ́n ti fòfin dè é níbẹ̀. Ní Mùṣín, oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni òfin tó dé. Bí ìtàn yín bá wáyé ní oṣù kẹjọ 2022, olè tó bá ti sá kọjá ààlà sí Mùṣín lórí ọ̀kadà ti bọ́, akọni á dúró ní ààlà, á máa wò ó. Bí ìtàn bá jẹ́ ti òde òní, ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá 2024, ń dúró ní Mùṣín àti ní Yábà. Ọ̀tá tó bá wọ̀ ọ́ á dé Yábà kí akọni tó ń bọ̀ nínú dáńfó tó kúrò ní Ọlọ́ṣà.

Àwọn kan á dákẹ́. Dátà lè tán, ìdánwò lè dé, iná lè lọ fún ọjọ́ méjì kí fóònù kú. Ẹ má pa akọni ẹni tí kò sí nílé, ẹ má sì gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ fi í sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá Third Mainland. Afárá náà gùn ní kìlómítà 11.8, gbogbo ọmọ Èkó ló sì gbà pé ènìyàn lè wà lórí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ tó bá padà dé, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ ohun tó rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà láàárín ọkọ̀.

Bí ìjà gidi bá dé, ẹ dá eré dúró, kí atọ́kùn pe àwọn méjèèjì lórí fóònù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má parí ìjà nínú ẹgbẹ́ tí gbogbo ènìyàn ti ń wòran.

Ẹ fún ìtàn kọ̀ọ̀kan ní òpin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, kí atọ́kùn lo “Export chat” láti kó gbogbo rẹ̀ jáde láìsí àwòrán, kó fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ẹni méjì, nítorí fóònù ń sọnù ní Ojúwòyè. Ó lè wu ẹnì kan lọ́la láti sọ ọ́ di ìwé àwòrán, kó gbé e lọ sí Lagos Comic Con, tó ti wà láti 2012. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹ ti kọ ọ́ sínú àpèjúwe ẹgbẹ́ pé ẹni tó dá akọni sílẹ̀ ló ni ín, pé ìtàn jẹ́ ti gbogbo yín, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà á láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn yòókù. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022 ń dáàbò bo iṣẹ́ tí ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fọwọ́ ara yín kọ, tí olúkúlùkù sì fèsì “mo gbà” sí, ni ẹ máa kọ́kọ́ gbé jáde bí ọ̀rọ̀ bá dé.